Igi tó wó lé yàrá Màámi: bí a ṣe gbé máńgòrò ńlá kúrò lórí ilé alámọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí àbúrò mi obìnrin pè mí láti ilé. Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Bọ̀dá mi, kò sí nǹkan kan tó ṣe Màámi o." Ẹni tó bá fi irú èyí ṣáájú ọ̀rọ̀, àyà ẹni tó ń gbọ́ ọ ti já kó tó sọ èyí tó kù. Òjò ńlá àkọ́kọ́ nínú ọdún ló rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ní ìparí oṣù kẹta. Ìjì ló ṣáájú rẹ̀. Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa wó, ó sì bọ́ sórí apá ilé tí yàrá Màámi àti yàrá àlejò wà. Màámi wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń ro ọkà. Ká ní wọ́n ti wọlé lọ dùbúlẹ̀ ni, mi ò mọ irú àkọsílẹ̀ tí ǹ bá máa kọ lónìí.

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti ń gbé igi kúrò lórí ilé ní ìgbà mélòó kan, àmọ́ èyí ni àkọ́kọ́ tó jẹ́ ilé tí wọ́n bí mi sí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe lọ, pẹ̀lú àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí: igi tó wó lé ilé kò tí ì parí wíwó. Ó kàn fara ti nǹkan ni. Ó lè jẹ́ ògiri ló gbé e dúró, ó lè jẹ́ ẹ̀ka, ó lè jẹ́ gbòǹgbò tí kò tí ì já tán. Ẹni tó bá gbé ayùn lé e láìmọ èwo nínú wọn ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ọwọ́ ẹni yẹn ni igi máa ti parí wíwó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé náà ṣe rí. Búlọ́ọ̀kù ni iwájú, bàbá wa ló kọ́ ọ ní 1979. Apá ẹ̀yìn ti wà ṣáájú rẹ̀. Ògiri alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú àti lóde, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé búlọ́ọ̀kù ni. Ó nípọn tó 35 sẹ̀ǹtímítà. Ògiri alámọ̀ kì í ṣe ògiri yẹpẹrẹ bí àwọn èèyàn ṣe ń fojú rẹ̀ wò. Tó bá gbẹ, tí ẹrù sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ gbọọrọ láti òkè, ó lè gbé e fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tó bá fẹ̀gbẹ́ tì í ló ń jẹ ẹ́ níyà, omi tó bá sì ti orí rẹ̀ wọlé ló ń pa á. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, igi ti ṣí páànù kúrò lórí rẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ tì í, òjò sì ń rọ̀ sí i lórí.

Bàbá wa náà ló gbin máńgòrò yẹn, lọ́dún tí wọ́n kọ́ iwájú ilé. Nígbà tí mo fi téèpù yí i ká níbi tó tó àyà èèyàn, ó jẹ́ 214 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn ni pé ó fẹ̀ tó 68 sẹ̀ǹtímítà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Ó ga tó mítà mẹ́rìnlá. Oṣù kẹta ni máńgòrò máa ń so jìngbìnnì lọ́dọ̀ wa, nítorí náà èso tútù kún orí rẹ̀, ewé rẹ̀ sì nípọn, òjò ti rin ín gbingbin. Ẹrù òkè pọ̀.

Ẹrù òkè nìkan kọ́ ló wó o ṣá. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ní ilẹ̀ wa, ìlà-oòrùn ló ti ń wá, ìwọ̀-oòrùn ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: àwọsánmà dúdú á tò lọ gbọọrọ bí ògiri, atẹ́gùn tútù á ṣáájú, eruku á gbilẹ̀, lẹ́yìn náà ni òjò á dé. Ìgbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni irú ìjì yìí máa ń le jù. Igi tí atẹ́gùn bá ń tì láti ìlà-oòrùn, gbòǹgbò tó wà ní ìhà ìlà-oòrùn ló ń dì í mú bí okùn tí wọ́n fi so àgọ́ mọ́lẹ̀. Gbòǹgbò ìhà kejì kàn ń gbé e lórí ni.

Ní ọdún méjì ṣáájú, a gbẹ́ ihò sọ́kàwéè sí ẹ̀yìnkùlé, ó jìnnà sí ìdí máńgòrò náà tó mítà méjì péré, ní ìhà ìlà-oòrùn. Èmi ni mo yan ibẹ̀. Mo rí gbòǹgbò mẹ́ta tí àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ gé, ọ̀kan nínú wọn tóbi tó itan èèyàn. Mo rí i, mi ò sọ nǹkan kan, torí pé igi náà dúró gírígírí. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìjì, gbòǹgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ni ojú mi kọ́kọ́ bọ́ sí, ojú ibi tí wọ́n ti gé wọn ti dúdú, ó ti ń jẹrà. Ó dùn mí gan-an. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn tó fẹ́ gbẹ́ sọ́kàwéè tàbí tó fẹ́ ju ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì sí ẹ̀gbẹ́ igi lè rí i kà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ kí n tó dé ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Nígbà tí igi náà wó, kò dà lé ilé pátápátá. Ìdí rẹ̀ jìnnà sí ògiri tó mítà mẹ́rin àti díẹ̀. Ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, ó fọ́ etí òrùlé, ìtì rẹ̀ sì gúnlẹ̀ sórí ògiri, ní nǹkan bíi mítà méjì àti ààbọ̀ sókè. Orí rẹ̀ kọjá lọ sórí páànù. Ẹ̀ka ńlá kan yà kọjá ní ìpẹ̀kun ilé, ó tẹ̀ wálẹ̀, ó sì gún ilẹ̀ bí ẹsẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rí nígbà yẹn: gbòǹgbò tó kù ní ìdí ń gbé díẹ̀, ògiri ń gbé díẹ̀, ẹ̀ka tó gún ilẹ̀ yẹn sì ń gbé èyí tó pọ̀ nínú ẹrù orí. Ògiri alámọ̀ kò tí ì sán.

Àwọn ará àdúgbò sáré wá, Ọlọ́run á san án fún wọn. Wọ́n gbé Màámi lọ sílé aládùúgbò kan, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì la igi. Ó ní, "Màmá, ẹ má ṣèyọnu, kí ilẹ̀ tó mọ́ a ó ti ṣe é tán." Òkùnkùn wà, òjò ń ṣẹ́ yẹ́ẹ́, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni wọ́n ń lò. Ẹ̀ka tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó láti ilẹ̀ ló kọ́kọ́ gé, ẹ̀ka tó gún ilẹ̀ yẹn sì ni. Bí ayùn ṣe já a, gbogbo igi náà sọ̀ wálẹ̀ tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Orí ògiri fọ́, ògiri tó pín yàrá méjèèjì níyà la láti òkè dé ilẹ̀, àjà yàrá àlejò sì já. Ẹnì kankan kò sí nínú ilé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sá bọ́ sẹ́yìn, ayùn sì há sínú igi. Àbúrò mi wá pè mí lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kí gbogbo wọn kúrò níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ewé kan mọ́ títí n ó fi dé.

Mi ò dá ọmọ náà lẹ́bi. Igi inú igbó ló mọ̀ ọ́n gé, igi inú igbó kò sì ní ilé lábẹ́. Igi tó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbalasa, ibi tó bá wu ènìyàn ló lè ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ pé bí igi bá wó lu igi, tòkè là á kọ́kọ́ gbé. Ọ̀rọ̀ tí a máa ń fi bá ara wa ṣe àṣàrò nípa ìṣòro ayé ni, àmọ́ lójú mi ẹni tó gé igi ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ohun tó rí ló sì ń wí.

Mo kúrò ní Ìbàdàn ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀, mo dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí aago méje tó lù. Mo ní, "Màámi, ẹ kú ewu." Wọ́n ní, "Ewu iná kì í pa àwòdì, ọmọ mi." Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò sì tètè jù ú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn: àpótí aṣọ wọn wà nínú yàrá, ìwé ilẹ̀ bàbá wa sì wà nínú àpótí náà. Wọ́n fẹ́ yọ́ wọlé lọ mú un. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ní ilé tí igi wà lórí rẹ̀, ẹrù tí a fẹ́ lọ mú ló ń pa èèyàn lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé ẹni tó wọlé á ní ìṣẹ́jú kan péré ni òun fẹ́ lò.

Àwọn ọmọdé ti dé pẹ̀lú. Máńgòrò pọ̀ nílẹ̀, ó pọ̀ lórí ẹ̀ka tó rọ̀ sílẹ̀ débi tí ọwọ́ ọmọ ọdún márùn-ún lè tó o. Mo kà wọ́n tó mẹ́sàn-án lábẹ́ igi, pẹ̀lú ọ̀rá àti igbá. Àwọn méjì bọ́ sínú ihò tí gbòǹgbò fà yọ, wọ́n ń ṣeré. Ibẹ̀ ló burú jù lọ ní gbogbo àyíká, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. A na okùn yí ibẹ̀ ká, ó jìnnà sí igi tó ìlọ́po gíga rẹ̀ níbi tí àyè wà, a sì fi àgbàlagbà obìnrin kan sẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ tí ìyá yẹn ṣe lọ́jọ́ náà tó ti ẹni tó di ayùn mú.

Iná ló tẹ̀ lé e. Wáyà tó ń gbé iná wọ ilé wa ti já, ó rọ̀ sórí ẹ̀ka. Igi tútù tí òjò ti rin máa ń gbé iná, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án láti ilẹ̀ tútù kò ní ráyè ké. Kò sí iná ní àdúgbò láti ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì sọ fún mi pé kò séwu. Mi ò gbà. Iná lè dé nígbàkigbà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí wọn kò so dáadáa sì lè rán iná padà sínú wáyà ìta. A pe àwọn NEPA. (Ẹnu wa kò tí ì fi orúkọ yẹn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 2005 ni wọ́n ti pa á rẹ́, tó sì jẹ́ pé láti 2013 ni pínpín iná ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni.) Wọ́n dé ní aago mẹ́sàn-án kọjá, wọ́n gun òpó, wọ́n já wáyà wa kúrò ní orí rẹ̀. Kí wọ́n tó dé, a ò fọwọ́ kan igi.

Ní àsìkò tí a fi ń dúró, mo rìn yí ilé náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń gbé ohun tó ń gbé ohun mìíràn. Mo fi èédú fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó sán lára ògiri, mo fi déètì àti aago sí i, kí n lè mọ̀ bóyá ó ń fẹ̀ sí i. Mo ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo gbòǹgbò, ìyẹn gbòǹgbò àti yẹ̀pẹ̀ tó fà yọ pọ̀ ní ìdí igi, mo fi ọ̀dà sàmì sí i ní ibi tí ilẹ̀ tó gbé sókè dé. Àwòrán pẹ̀lú, mo yà á láti gbogbo ìhà. Mo tún wo àjà tó já sílẹ̀ nínú yàrá àlejò láti ojú fèrèsé: àjà funfun líle ìgbà àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ń fi ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fi bàtà tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má sì gbá a. Nígbà tí àkókò tó, omi ni a kọ́kọ́ fi rin ín, a kó o lódidi sínú ọ̀rá onípele méjì, a bo imú, a sì dì í pa.

Kí ẹnikẹ́ni tó gé nǹkan kan, a gbé ilé dúró ná. Láti yàrá tó kàn, a fi igi 3×4 (íǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin) ti igi òrùlé tó kù láti ìsàlẹ̀, a fi pákó tẹ́ ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n má bàa rì sínú ilẹ̀ tútù. Èyí tó ṣe pàtàkì jù wà níta. Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ní ìhà ìdí igi, a to gígé igi líle ní méjì méjì, àwọn méjì ní ìbú, àwọn méjì ní òró lé wọn lórí, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí ó fi ga dé abẹ́ ìtì máńgòrò náà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju mítà kan lọ, kó má bàa yẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn onípákó ni a ti yá àwọn igi wọ̀nyẹn, a kó wọn padà ní ọjọ́ Ajé. Lókè pátápátá, a fi igi tí a gbẹ́ ṣóńṣó há àyè tó kù, a fi òòlù lù ú wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ìhà méjèèjì, títí tí ìtì náà fi fara lé ìtò igi wa. Ìgbà yẹn ni mo mí. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni èyí gbà, àwọn èèyàn sì ń ráhùn pé a ò tí ì gé ẹ̀ka kan. Ìgbà yẹn náà ni mo jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo wọ yàrá Màámi, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó gbé àpótí, ó jáde.

Ọ̀gá kan tó ń la igi ní ọ̀nà Ìlọrin ló wá gé e. Àgbàlagbà ni, ó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ, ọmọ iṣẹ́ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó dé, kò tan ayùn. Òun náà rìn yí i ká. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ibi tí ara ti ń fà á." Ó fẹ́ràn láti pe gbogbo èèyàn ní ẹ̀gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí mi. Ohun tó ń wí nìyí: ẹ̀ka tó tẹ̀ kọ̀dọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nà tantan bí awọ ìlù, inú rẹ̀ sì fún pọ̀. Bí ayùn bá kọ́kọ́ wọ ìhà tó nà, ẹ̀ka á ta, á là, á sì gbá ẹni tó ń gé e. Bó bá wọ ìhà tó fún pọ̀ jù, igi á pa ẹnu dé mọ́ ayùn, bó ṣe rí fún ọ̀dọ́mọkùnrin alẹ́ àná. Ìhà tó fún pọ̀ ni Ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ gé díẹ̀, á yọ ayùn, á wá yípo lọ sí ìhà tó nà, á gé e díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ á sì wà níbi tí igi ti ń ké. Ó ń gbọ́ igi náà. Mo rí i tó dá ayùn dúró lẹ́ẹ̀mẹ́rin nítorí ìró tí èmi kò gbọ́.

Láti ṣóńṣó orí ni a ti bẹ̀rẹ̀, a ń bọ̀ wá sí ìdí. Ewé àti ẹ̀ka kéékèèké ni a kọ́kọ́ fi àdá kó kúrò, torí pé omi wà nínú wọn, èso wà lára wọn. Ẹ̀yìn náà ni a wá ń gé àwọn tó nípọn ní mítà kan mítà kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí kò fi gbọdọ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀. Bí a bá ka igi tútù sí ohun tó wúwo tó omi, ẹ̀ka tó fẹ̀ ní 40 sẹ̀ǹtímítà, tó gùn ní mítà kan, wúwo tó 125 kìlógíráàmù, ó ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ. Ìdí igi náà tó fẹ̀ ní 68 sẹ̀ǹtímítà, mítà kan rẹ̀ ju 360 kìlógíráàmù lọ, àpò sìmẹ́ńtì méje ni. Ẹ ronú kan èyí tó bá já bọ́ láti orí òrùlé sórí àjà.

Nítorí náà, ẹ̀ka kankan kò já bọ́. Igi dóńgóyárò kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé. A ta okùn láti ara ẹ̀ka tí a fẹ́ gé, a gbà á kọjá lórí oríta ẹ̀ka tó ga jù lára máńgòrò náà, a wá yí i mọ́ ìdí dóńgóyárò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí okùn bá ti yí igi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọmọkùnrin kan ṣoṣo lè di ẹrù tó ju ara rẹ̀ lọ mú, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó wà nídìí okùn náà kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, kò sì gbójú kúrò lókè fún wákàtí mẹ́ta. Mo fún un ní omi lẹ́ẹ̀mejì, ó mu ún láìwò mí.

Okùn kejì wà tí èmi fúnra mi sọ pé a gbọ́dọ̀ ta. Ọ̀kan yìí di ìtì igi mọ́lẹ̀ sí ìdí dóńgóyárò kan náà. Ẹnì kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti wó tán, kí lẹ tún ń so mọ́lẹ̀?" Mo ní kó wo ìdí rẹ̀. Àwo gbòǹgbò igi náà, pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn, ti fà yọ lápá kan, àmọ́ gbòǹgbò ìhà ìwọ̀-oòrùn kò já. Wọ́n tẹ̀ ni. Yẹ̀pẹ̀ yẹn wúwo, ó fẹ́ padà sínú ihò rẹ̀. Ẹrù orí igi nìkan ni kò jẹ́ kó lè padà. Bí a bá ń gé orí, ẹrù ń dín kù, ìdí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi dìde. Mo ti rí èyí tó dìde lẹ́ẹ̀kan náà, fìrì, bí ẹni tí wọ́n pè lójú oorun. Ẹni tó bá wà nínú ihò nígbà yẹn, ilẹ̀ á pa dé mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí mo fi bá àwọn ọmọdé yẹn pariwo láàárọ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí ẹ̀ka ńlá kejì ti sọ̀ kalẹ̀, mo wo igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo rì mọ́lẹ̀. Àwo gbòǹgbò ti kúrò lójú àmì, ó ti sọ̀ wálẹ̀ tó ìka mẹ́rin. Mo sáré lọ wo orí ògiri. Ìmọ́lẹ̀ ń kọjá láàárín ìtì igi àti ògiri. Igi náà ti gbé ara rẹ̀ kúrò lórí ilé wa. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, àmọ́ ọwọ́ mi kọjá níbẹ̀ láì fara kan nǹkan kan. Mo pe Màámi láti ibi tí wọ́n jókòó sí lẹ́yìn okùn, mo fi ọwọ́ náà hàn wọ́n. Wọ́n bú sẹ́kún. Láti àná, wọn ò tí ì sunkún.

A jẹ́ kó máa dìde lọ. Ọmọ iṣẹ́ kejì ń tú okùn ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kọ̀ọ̀kan, a ń dúró, a ń wò. Nígbà tó kúrò lórí ògiri tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, a de okùn náà pa, a tún to igi sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kó má lè padà. Ọ̀gá wá gé ìtì láti òkè wá sísàlẹ̀, ègé kan lẹ́yìn òmíràn, gbogbo rẹ̀ sì ń jábọ́ sórí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, kì í ṣe sórí ilé. Ní èyí tó kẹ́yìn, tó ku nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ láti ìdí, ó ní kí gbogbo èèyàn kúrò ní àyíká ihò, ó sì dúró ní ẹ̀gbẹ́, kò dúró sí ẹ̀yìn igi. Bí ayùn ṣe já a, kùkùté náà ta dìde, yẹ̀pẹ̀ padà sínú ihò, ilẹ̀ sì dún gbì. Ẹni tó ń bọ̀ ní títì gbọ́ ọ. Ó dúró ṣánṣán lẹ́ẹ̀kan sí i níbi tí bàbá wa gbìn ín sí.

Aago márùn-ún ti kọjá, ojú ọ̀run ti ń ṣú. A na tàpólì bo gbogbo orí ògiri, a fi pákó tẹ̀ ẹ́, a jẹ́ kí ó gùn kọjá etí ògiri kí omi lè dà síta. Òjò tún rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí a bá pẹ́ di ọjọ́ kejì ni, mo gbàgbọ́ pé yàrá Màámi ì bá ti wó.

Nígbà tí ògiri gbẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo fi okùn ìwọ̀n wò ó. Ògiri ìta dúró gbọọrọ, orí rẹ̀ nìkan ni a tún mọ, a wá fi kọnkéré tí irin wà nínú rẹ̀ yí i ká bí òrùka kí òrùlé lè jókòó lé e. Ògiri tó pín yàrá méjèèjì, èyí tó la ní alẹ́ àkọ́kọ́, ti fì ju ìka mẹ́ta lọ. Kò ṣeé tún ṣe. A wó o lulẹ̀ láti òkè, a fi búlọ́ọ̀kù mọ òmíràn. Owó tí a ná lórí ògiri kan ṣoṣo yẹn ju gbogbo owó tí a san fún Ọ̀gá, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, okùn àti igi tí a yá lọ. Ìṣẹ́jú tí wọ́n fi gé ẹ̀ka tó gún ilẹ̀ yẹn kò lè pé márùn-ún.

Obìnrin tó ń ta àmàlà ní ìkóríta ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú igi náà fún ìdáná. Màámi ní kí wọ́n gbẹ́ àpótí ìjókòó mẹ́rin nínú ìtì ìdí, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Tèmi wà ní Ìbàdàn. Mo fẹ́ hú kùkùté kúrò, Màámi kò gbà. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ọ̀mùnú ti yọ yí i ká, ewé pupa bẹ́lẹ́jẹ́ ti ń hàn. Mo sọ fún àbúrò mi pé kó máa gé wọn, kí èyíkéyìí nínú wọn má ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Sọ́kàwéè yẹn, a ti dí i. A gbẹ́ òmíràn sí ìhà kejì ilé, níbi tí igi kankan kò sí.